Iná Lésà Kò Mọ Ìdí Pèrègún: Ọ̀rọ̀ Ìwọ̀n Ilẹ̀ ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù

Láti Ìkìrun dé Ìníṣà títí wọ Òkukù, oko tí baba ńlá ẹni dá ni ọmọ ń gé ní pulọ́ọ̀tì tà lónìí. Ṣéènì ti di ohun àtijọ́; ẹ̀rọ lésà ni sọ́fíyọ̀ ń gbé wá. Àwọn kan gbà pé ẹ̀rọ yìí ni yóò parí ìjà ààlà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀, bí mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ibi tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ni ìjà máa ń wà.

Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe kò kéré. Ṣéènì, ẹsẹ̀ bàtà 66, a máa dẹ̀ láàárín bí a kò bá fà á le, oòrùn a sì máa mú un gùn sí i. Lésà, tí Theodore Maiman kọ́kọ́ tàn ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1960, bọ́ lọ́wọ́ èyí. Ẹ̀rọ a tan iná sí dígí tí ọmọ iṣẹ́ gbé dúró lórí ọ̀pá, iná a padà, ẹ̀rọ a sì ti ara àlọ àtàbọ̀ náà mọ bí ibẹ̀ ti jìnnà tó. Ṣùgbọ́n iná kì í yà fún igi: bí kòkó bá dènà, àdá ni yóò yanjú rẹ̀.

Ìkìrun sì kún fún òkè. Bí ilẹ̀ bá gẹ̀rẹ́, gígùn ọ̀nà tí iná gbà ni lésà ń mú wá, bẹ́ẹ̀ gígùn pẹrẹsẹ ni ìwé sọ́fè ń fẹ́. Nínú pulọ́ọ̀tì ẹsẹ̀ bàtà 50 sí 100, ẹ̀gbẹ́ tó gùn jẹ́ mítà 30.48. Bí ilẹ̀ bá fi dígírì 10 gẹ̀rẹ́, tí bíríkìlà sì fi lésà àtẹ́lẹwọ́ wọ̀n ọ́n láìṣírò, mítà 30.02 péré ló rí gbà. Sẹ̀ǹtímítà 46 ti lọ, aládùúgbò ni onílé yóò sì pè ní olè.

Pèrègún ni àwọn baba wa fi ń sàmì ààlà, torí kì í tètè kú. Ṣùgbọ́n ó ń bí sí i. Ẹyọ kan tí a gbìn lè di agbo igi tí apá ọkùnrin kò ká. Èwo ni ti ìṣáájú? Ẹ̀rọ tó ń wọ̀n dé mìlímítà yóò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni tó bá fi ọ̀pá dígí kalẹ̀. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹbí ni ìmọ̀ ibi tí oko parí sí ṣì wà. Kí a tó ri òkúta sọ́fè mọ́lẹ̀, kí ẹbí méjèèjì dúró nídìí pèrègún, kí wọ́n fọwọ́ kan igi tí wọ́n jọ gbà, kí sọ́fíyọ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Kí a ṣe é nísinsìnyí tí àwọn arúgbó tó mọ̀ ọ́n ṣì lè rìn dé oko.