ÀRÙN MÁKÚLÀ LÁÀRIN ÀWỌN ÀGBÀ: ÌTÀN ÌMỌ̀ ÀTI ÌTỌ́JÚ RẸ̀ LÁTI ỌDÚN 1851

1. Ìfáàrà

Àwọn Yorùbá a máa sọ pé àrùn ni a ń wò, a kì í wo ikú. Nínú ìtàn ìṣègùn ojú ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ìbéèrè tí ó fara jọ èyí wà nílẹ̀ fún ohun tí ó ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ: ohun tí ń ba ojú àwọn àgbà jẹ́ láti àárín, ṣé àrùn ni, tàbí ogbó lásán? Àpilẹ̀kọ yìí jiyàn pé ìtọ́jú kò rí ọ̀nà títí àwọn onímọ̀ fi yí ìbéèrè náà padà.

Rẹ́tínà ni awọ tí ó tẹ́ ẹ̀yìn inú ẹyinjú. Mákúlà ni ibi kékeré tí ó wà láàrin rẹ̀. Òun ni ènìyàn fi ń kàwé, òun ni ó sì fi ń dá ojú ẹni mọ̀. Ẹni tí mákúlà rẹ̀ bàjẹ́ lè rìn yí ilé ká láìkọsẹ̀, síbẹ̀ kí ó má lè dá ojú ọmọ rẹ̀ mọ̀.

2. Rírí láìsí Ìwòsàn

Ní 1851, Hermann von Helmholtz ará Jámánì gbé ìròyìn jáde nípa awò tí dókítà lè fi wo inú ẹyinjú ẹni tí ó wà láàyè. Ní 1855, Franciscus Donders ní Họ́láńdì ṣàpèjúwe àwọn ẹ̀kán kéékèèké tí ń hù lábẹ́ rẹ́tínà. Ní 1874, Jonathan Hutchinson àti Warren Tay ní Lọ́ńdọ̀nù ṣàlàyé àrùn náà lára àwọn àgbàlagbà. Ní 1885, Otto Haab ní Swítsálándì sọ ọ́ ní orúkọ tí ó so ó mọ́ ogbó. Orúkọ ń ro ni: bí ogbó bá ti jẹ́ okùnfà, kí ni dókítà fẹ́ wò?

3. Ìbéèrè Tuntun

Ní 1967, J. Donald Gass ará Amẹ́ríkà fi hàn pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun ni ó ń hù lábẹ́ rẹ́tínà àwọn aláìsàn kan, tí ó sì ń jò. Irú olómi nìyí. Irú gbígbẹ kò ní iṣan bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà náà, ìbéèrè di: kí ni ó ń pe iṣan wọ̀nyí wá? Ní 1971, Judah Folkman, tí ń ṣe ìwádìí nípa jẹjẹrẹ, dá a lábàá pé kókó jẹjẹrẹ a máa tú ohun kan jáde tí ń pe iṣan ẹ̀jẹ̀. Ní 1989, Napoleone Ferrara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ya irú ohun bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀. VEGF ni wọ́n pè é.

Iná lésà tí a ń lò láti àwọn ọdún 1980 ń jó iṣan náà, ṣùgbọ́n ó ń jó mákúlà pẹ̀lú. Abẹ́rẹ́ ranibizumab, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1906 + 100, ìyẹn 2006, dojú kọ VEGF fúnra rẹ̀. Nínú ìwádìí kan, lẹ́yìn ọdún kan, nǹkan bí 95 nínú 100 tí ó gbà á ni kò pàdánù tó lẹ́tà 15 lára pátákó àyẹ̀wò ojú. Nínú àwọn tí kò gbà á, nǹkan bí 62 ni.

4. Ọ̀rọ̀ Owó

Ilé iṣẹ́ kan náà ni ó ṣe bevacizumab, oògùn jẹjẹrẹ ìfun tí a fọwọ́ sí ní 2004. Ní 2005, Philip Rosenfeld ní Miami fi ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ sí ojú aláìsàn, ó sì ṣiṣẹ́. Ní Amẹ́ríkà ní 2011, ranibizumab tó nǹkan bí dọ́là 2,000 lẹ́ẹ̀kan; bevacizumab tó nǹkan bí 50. Ìwádìí tí owó ìjọba gbé ró fi hàn ní 2011 pé agbára wọn lórí ìríran dọ́gba. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi bevacizumab kún àwọn oògùn kò-ṣeé-mánìí.

5. Àgbálọgbábọ̀

Kò tọ́ láti di gbogbo ẹ̀bi ru orúkọ; láìsí ìmọ̀ nípa VEGF, kò sí abẹ́rẹ́. Síbẹ̀, inú ìmọ̀ jẹjẹrẹ ni kọ́kọ́rọ́ ti wá, kì í ṣe inú ìmọ̀ ogbó. Irú gbígbẹ ni ó ṣì le: àwọn oògùn tí a kọ́kọ́ fọwọ́ sí fún un ní Amẹ́ríkà ní 2023 ń fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ni, wọn kò dá ojú padà. Ní ti irú olómi, àìmọ̀kan ni ó fi àwọn àgbà sínú òkùnkùn kí ó tó di 2006. Lẹ́yìn rẹ̀, iye owó wà lára ohun tí ń pinnu ẹni tí yóò ríran.