Windows àti Linux nínú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo: Bí ẹ ṣe lè wọ yàrá ẹnì kejì láì ba dúkìá jẹ́

Ká ní akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní Adó-Èkìtì, tó ku ọ̀sẹ̀ méjì kó kó iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lé olùkọ́ lọ́wọ́. Inú Linux ló ti ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ kan, ó tan kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó wọ inú Windows, ó sì rí dísìkì kan tí kò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bó ṣe tẹ̀ ẹ́, Windows dá a lóhùn pé àfi kó kọ́kọ́ "Format" dísìkì náà kó tó lè lò ó. Bí ọmọ náà bá fi lè gbà pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ oṣù mẹ́fà fẹ́ wọgbó nìyẹn. Kì í ṣe pé Windows fẹ́ ṣe é níkà o. Èdè tí wọ́n fi to yàrá náà ni kò gbọ́, òun sì rò pé yàrá òfìfo ni.

Nítorí irú ọ̀rọ̀ báyìí la ṣe ní ká ṣe àlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa lórí bí ètò ìdarí méjì ṣe ń gbé inú kọ̀ǹpútà kan, àti bí ẹ ṣe lè mú fáìlì lọ́dọ̀ ọ̀kan nígbà tí ẹ bá wà lọ́dọ̀ èkejì.

Bí wọ́n ṣe di alájọgbélé

Kọ̀ǹpútà kì í ṣe ohun àjèjì ní àárín gbùngbùn Èkìtì. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì, ilé ẹ̀kọ́ gbogboniṣe tìjọba àpapọ̀ àti Yunifásítì Afẹ́ Babalọlá, Adó-Èkìtì ni gbogbo wọn wà. Lọ́dún 2012, nígbà ìṣèjọba Gómìnà Káyọ̀dé Fáyẹmí, ìjọba ìpínlẹ̀ náà pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama àtàwọn olùkọ́.

Ìfagagbága Windows àti Linux náà ti dé Nàìjíríà rí. Lọ́dún 2007, ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé rò pé Linux tòun ló máa wà nínú kọ̀ǹpútà 17,000 tí wọ́n fẹ́ kó wá fún àwọn ilé ẹ̀kọ́ wa. Kò pẹ́ tí ọ̀gá wọn, François Bancilhon, fi kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer, ọ̀gá Microsoft nígbà náà, pé wọ́n fẹ́ fi Windows rọ́pò rẹ̀.

Lónìí, kò pọn dandan kéèyàn yan ọ̀kan kó kọ èkejì. Iṣẹ́ ọ́fíìsì mú kí ọ̀pọ̀ di Windows mú, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà sì ń fi Linux tó jẹ́ ọ̀fẹ́ kún un. Nígbà tí Microsoft sì dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró ní ọjọ́ 14, oṣù kẹwàá, ọdún 2025, ìdí mìíràn tún wà fún àwọn tí kọ̀ǹpútà wọn kò lè gba Windows 11 láti wá Linux lọ.

Èdè méjì, ilé kan

Wọ́n a máa pín dísìkì kọ̀ǹpútà sí ìpín-ìpín, bí yàrá inú ilé. Ọ̀nà tí Windows ń gbà to yàrá tirẹ̀ ni wọ́n ń pè ní NTFS, tó jáde lọ́dún 1993. Ọ̀pọ̀ Linux ń lo ext4, tó wọ inú Linux ní ìparí ọdún 2008. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí a ṣe ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Linux ti kọ́ èdè NTFS: ètò NTFS-3G ti ń bá a túmọ̀ rẹ̀ láti ọdún 2007, òmíràn tó ń jẹ́ ntfs3 sì wọ inú Linux gan-an lọ́dún 2021. Ṣùgbọ́n Windows fúnra rẹ̀ kò gbọ́ ext4.

Bí ẹ bá wà nínú Linux, tí ẹ fẹ́ wọ yàrá Windows

Ibí yìí ló rọrùn jù, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀fìn wà. Láti ìgbà tí Windows 8 ti jáde lọ́dún 2012, bí ẹ bá pa Windows, ó lè má kú tán. Ó lè jẹ́ pé ó kàn sùn ni, kó lè tètè jí lọ́jọ́ kejì. "Fast startup" ni wọ́n ń pe àṣà yìí. Ẹni tó sùn náà ṣì rántí bí yàrá rẹ̀ ṣe rí. Bí ẹ bá gba inú Linux lọ tún yàrá náà tò, Windows á jí, á máa fi ìrántí àtijọ́ ṣiṣẹ́, fáìlì á sì bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́.

Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe nìyí:

1. Nínú Windows, ẹ wọ "Control Panel", ẹ lọ sí "Power Options", kí ẹ yọ àmì kúrò níwájú "Turn on fast startup". Bí ẹ kò bá tíì ṣe èyí, ẹ di bọ́tìnnì "Shift" mú nígbà tí ẹ bá ń tẹ "Shut down", tàbí kí ẹ lo "Restart" láti kọjá sínú Linux.

2. Bí ó bá jẹ́ pé kíkà nìkan lẹ fẹ́ ka fáìlì, ẹ ṣí yàrá náà fún kíkà nìkan. Àṣẹ "lsblk -f" á fi orúkọ àwọn yàrá hàn yín. Bí ti Windows bá jẹ́ sda3, ẹ kọ "sudo mount -o ro /dev/sda3 /mnt". Kò sí ohun tí ẹ lè ṣèèṣì bàjẹ́ níbẹ̀ báyìí.

3. Bí Linux bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ kọ nǹkan sí yàrá náà, ẹ má fipá mú un. Ààbò ló ń ṣe fún yín. Ẹ padà sí Windows, kí ẹ pa á dáadáa. Bí yàrá náà bá sì ti ní àbùkù, "chkdsk" ti Windows ni kí ẹ fi tún un ṣe.

4. Fódà "Users" ni iṣẹ́ yín wà. Ẹ má fọwọ́ kan "Windows" àti "Program Files".

Àwọn kọ̀ǹpútà tuntun kan tún ń ti yàrá Windows pa pẹ̀lú BitLocker. Láti ọdún 2024, ọ̀pọ̀ Windows 11 tuntun ló ń tì í fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà 48 ni kọ́kọ́rọ́ ìdáǹdè rẹ̀. Ẹ wá nọ́ńbà yìí, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí ẹ tó fi Linux sínú kọ̀ǹpútà, torí ẹni tí kò bá ní in lè dúró síta ilé ara rẹ̀.

Bí ẹ bá wà nínú Windows, tí ẹ fẹ́ wọ yàrá Linux

Òfin àkọ́kọ́: bí Windows bá ní kí ẹ "Format", "Cancel" ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti ṣèèṣì gbà, kó pa kọ̀ǹpútà náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó má kọ ohunkóhun sórí dísìkì náà mọ́, kó sì gbé e lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣì rí nǹkan yọ.

Microsoft ní àṣẹ kan, "wsl --mount", tó lè ṣí ext4, ṣùgbọ́n kò lè ṣí yàrá tó wà lórí dísìkì kan náà tí Windows ń gbé. Dísìkì kan ṣoṣo ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká. Àwọn ètò aládàáni bí Ext2Fsd náà wà, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ lò ó, kíkà nìkan ni kí ẹ fi mọ. Èyí tó dára jù ni pé kí ẹ tan Linux fúnra rẹ̀, kí ẹ da fáìlì náà kọ síbi tí àwọn méjèèjì ti lè rí i.

Yàrá àjọlò

Ibi tí àwọn méjèèjì ti lè rí i yìí ni yàrá kẹta tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú wọn. FAT32 kò gba fáìlì kan tó bá tó 4GB. exFAT gba ńlá, Linux sì ti ń gbọ́ ọ láti ọdún 2019, ṣùgbọ́n kò ní ìwé àkọsílẹ̀ tí dísìkì fi ń rántí ibi tó bá iṣẹ́ dé bí iná bá lọ lójijì. NTFS ní in. Fún àwa tí a mọ bí iná ṣe ń lọ láì dágbére, NTFS ló yẹ fún yàrá àjọlò, bí ẹ bá ṣáà ti pa "Fast startup". Ẹ má sì fi àmì bíi : tàbí ? sínú orúkọ fáìlì, torí Windows kò gbà á.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

Ẹ da iṣẹ́ yín kọ sórí fíláàṣì tàbí dísìkì mìíràn tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà náà rárá. Windows tó bàjẹ́ ṣeé tún fi sí, bẹ́ẹ̀ náà ni Linux, ṣùgbọ́n kò sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta iṣẹ́ àṣekágbá tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ. Bí omi bá dànù tí agbè kò fọ́, a ó tún òmíràn pọn. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ yín níta ni agbè yín. Ẹ má jẹ́ kó fọ́.