Ọ̀nà Àbáyọ Tí Ó Tún Di Ìbéèrè: Ìtàn Sẹ́ẹ̀lì Ìpìlẹ̀ àti Ọlẹ̀ Ènìyàn

Ní ọdún 1998, James Thomson àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Wisconsin ní Amẹ́ríkà yọ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ láti inú ọlẹ̀ ènìyàn tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Sẹ́ẹ̀lì yìí lè di oríṣiríṣi ẹ̀yà ara, inú àwọn oníṣègùn sì dùn. Ṣùgbọ́n kí ọwọ́ tó tẹ̀ ẹ́, ọlẹ̀ náà ní láti ṣègbé. Ọ̀pọ̀ Kristẹni tí wọ́n ka Sáàmù 139 àti Jeremáyà 1:5 kò lè fara mọ́ ọn.

Ní Kyoto ní Japan, Shinya Yamanaka wá ọ̀nà mìíràn. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé nígbà tí òun fi awò wo ọlẹ̀ kan, àwọn ọmọbìnrin òun ni òun rántí. Ní 2006, ó fi jíìnì mẹ́rin sọ sẹ́ẹ̀lì ara eku di sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀. Ní 2007, ó ṣe é pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn. Òun àti John Gurdon gba ẹ̀bùn Nobel ní 2012. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Ọ̀rọ̀ kò bùṣe. Ní 2012 yẹn kan náà, Katsuhiko Hayashi àti Mitinori Saitou fi irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ pèsè ẹyin eku, ẹyin náà sì di ọmọ. Ní 2023, Hayashi kéde pé òun rí ẹyin láti ara sẹ́ẹ̀lì akọ eku: nínú ọlẹ̀ 630 tí wọ́n gbé sínú abo eku, ọmọ 7 péré ni wọ́n bí. Kò tíì sí ọmọ ènìyàn tí a bí lọ́nà yìí.

Kí ni ìtàn yìí kọ́ wa? Ní 1998, ìbéèrè wa ni pé, níbo ni sẹ́ẹ̀lì náà ti wá? A rí ìdáhùn, a sì sinmi. A kò béèrè ohun tí yóò dà. Ọ̀nà tí a fi yẹra fún bíba ọlẹ̀ jẹ́ ti wá di ọ̀nà tí a lè gbà ṣẹ̀dá ọlẹ̀ lọ́pọ̀ yanturu.

A mọ omijé Hánà. Ó wà nínú ìjọ wa lónìí. A kò dá ẹni tí ń wá ọmọ lẹ́bi. Ṣùgbọ́n bí ọmọ 7 bá jẹ́ ìdí ayọ̀, 623 ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí a ronú sí i nísinsìnyí, kí tọkọtaya kan tó wá kan ilẹ̀kùn pásítọ̀ pẹ̀lú ìbéèrè náà.