Orúkọ Amẹ́bọ

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá síwájú yín: báwo ni orúkọ ẹ̀dá inú eré ṣe di èébú lẹ́nu wa?

Ní ọdún 1968, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà lọ́wọ́, ni tẹlifíṣàn ìjọba àpapọ̀ ní Èkó bẹ̀rẹ̀ eré The Village Headmaster. Olúṣẹ́gun Olúṣọlá ni ó dá a sílẹ̀. Ọdún 1988 ni ó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Abúlé Yorùbá kan tí wọ́n pè ní Ọjà ni ibùdó ìtàn náà. Àṣẹ Kábíyèsí Ọlọ́jà àti ìmọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé a máa forí gbárí níbẹ̀. Bassey Okon, tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé ìhà Calabar ni ó ti wá, sì ń gbé láàrin wọn bí ọmọ ilé. Ní àkókò tí ẹ̀yà ń fura sí ẹ̀yà, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ohun tí ìbá di ìjà.

Ṣùgbọ́n ta ni ẹ̀rín náà bá lọ títí? Ìbídùn Allison ṣe Amẹ́bọ, obìnrin tí ń gbọ́ ti ilé kan rò fún òmíràn. Fúnṣọ́ Adéolú ṣe Olóyè Eleyinmi, ẹni tí ẹnu tirẹ̀ náà kì í gbófo. Nígbẹ̀yìn, Adéolú jọba ní tòótọ́: ó di Aláyé Òdè-Rẹ́mọ. Orúkọ Amẹ́bọ ní tirẹ̀ di ọ̀rọ̀ tí a fi ń pe olófòófó káàkiri Nàìjíríà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe eré náà.

Ẹ jẹ́ kí a mú un wálé. Bí obìnrin bá dìde ní ìpàdé ìlú ní Òkè-Onígbìn, tí ó béèrè ibi tí owó àtúnṣe ilé-ìwé wọlé sí, ẹnìkan lè fi “Amẹ́bọ” pa á lẹ́nu mọ́. Bí ọkùnrin bá béèrè bẹ́ẹ̀, a ó ní ó fẹ́ràn ìlú. Òfófó ha kọ́ ni èyí, ìbéèrè ni. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Eré tí ó fi ogún ọdún kọ́ wa láti bi aláṣẹ léèrè kò yẹ kí ó fi irinṣẹ́ ìpanilẹ́numọ́ sílẹ̀ fún wa. Ẹ jẹ́ kí a máa ṣọ́ ẹnu wa.