Owó Gbogbo Mùtúmùwà: Ẹ̀tọ́ Ni Tàbí Ìtọrẹ Àánú?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ebi bá ti kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Ọ̀nà wo wá ni ìlú lè gbà lé ebi lọ? Ó ti lé ní igba ọdún tí àwọn kan ti ń dá a lábàá pé kí ìjọba máa fún olúkúlùkù ní owó kan náà, ì báà jẹ́ olówó tàbí tálákà, ì báà níṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí kò ní, láìsí àdéhùn kankan. Ìtàn àwọn tó ti ń jà fún owó gbogbo mùtúmùwà yìí ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò ní ṣókí.

Ní 1797, Thomas Paine, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó kópa nínú ìjà òmìnira Amẹ́ríkà, gbé ìwé pélébé kan jáde. Ó ní gbogbo ènìyàn ló jọ ni ilẹ̀ ayé, nítorí náà ẹni tó bá sọ ilẹ̀ di tirẹ̀ nìkan jẹ àwọn yòókù ní gbèsè. Kí a yọ owó nínú ogún tí àwọn òkú fi sílẹ̀, kí ẹni tó bá pé ọmọ ọdún 21 gba pọ́n-ùn 15 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹni tó bá pé 50 sì máa gba pọ́n-ùn 10 lọ́dọọdún. Ó tẹnu mọ́ ọn pé ẹ̀tọ́ ni, kì í ṣe àánú. Lọ́dún yẹn kan náà, Thomas Spence ní kí wọ́n máa pín owó ilẹ̀ tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìnáwó ìlú lọ́gbọọgba ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta, títí kan ọmọ ọwọ́. Ìjọba kò dá wọn lóhùn.

Ó pẹ́ kí àwọn tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yìí, kálukú ní ilẹ̀ tirẹ̀, tó fẹnu kò. Ní oṣù kẹsàn-án 1986, wọ́n pàdé ní Louvain-la-Neuve ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀m, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ BIEN sílẹ̀ fún gbogbo Yúróòpù. Philippe Van Parijs àti Guy Standing wà lára wọn. Ní 2004, ní Barcelona, wọ́n sọ ọ́ di ẹgbẹ́ gbogbo àgbáyé.

Ní oṣù kìíní ọdún yẹn, Ààrẹ Lula ti Bràsíl fọwọ́ sí òfin tí sẹ́nétọ̀ Eduardo Suplicy gbé kalẹ̀ fún owó náà. Ṣùgbọ́n òfin ọ̀hún ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn aláìní, kí wọ́n máa ṣe é díẹ̀ díẹ̀. Kò tíì kárí gbogbo ènìyàn dòní.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà wa níbí, Bíṣọ́ọ̀bù Zephania Kameeta ti ìjọ Luther, pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, gbé ọ̀rọ̀ náà lárugẹ ní Nàmíbíà. Nígbà tí ìjọba ń fà sẹ́yìn, wọ́n dá owó jọ fúnra wọn. Láti oṣù kìíní 2008 títí dé ìparí 2009, gbogbo ará abúlé Otjivero tí kò tíì pé ẹni 60 ọdún ń gba 100 dọ́là Nàmíbíà lóṣooṣù. Ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní àwọn ọmọ tí oúnjẹ kò tó fún dínkù, ọ̀pọ̀ ọmọ padà sílé ìwé, àwọn kan sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan búrẹ́dì, wọ́n ń ránṣọ, wọ́n ń ṣe bíríkì. Ní 2015, Kameeta fúnra rẹ̀ di mínísítà tó ń gbógun ti ìṣẹ́. Ó kúrò nípò ní 2020, owó náà kò sì tíì kárí orílẹ̀-èdè rẹ̀.

Ní Swítsàlandì, àwọn olùpolongo da mílíọ̀nù mẹ́jọ owó ẹyọ síwájú ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Bern ní 2013, ẹyọ kọ̀ọ̀kan dúró fún ará ìlú kan. Nígbà tí ìbò dé ní ọjọ́ 5 oṣù kẹfà 2016, bí 77 nínú ọgọ́rùn-ún ní àwọn kò fẹ́. Wọ́n ń béèrè pé: níbo ni owó yóò ti wá? Ta ni yóò tún fẹ́ ṣiṣẹ́?

Ìbéèrè gidi ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n bí ẹbí bá ń pín ogún, ta ló ń bi ọmọ pé iṣẹ́ wo lo ṣe? Nínú ẹgbẹ́ bíi tiwa, a máa ń dáwó fún ẹni tí nǹkan kò rọgbọ fún. Ìwà ọmọlúàbí ni, ẹ má jẹ́ kó rẹ̀ wá. Síbẹ̀, ẹni tó bá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà olóore rí mọ bí ojú ṣe ń tini. Ohun tí Paine rí nìyẹn: ẹni tó gba àánú yóò tẹrí ba, ẹni tó gba ìpín rẹ̀ yóò dúró ṣánṣán. Díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà; ìjà náà kò tíì parí.