Ibùsọ̀, Ìbalẹ̀ àti Ìgúnlẹ̀: Ọ̀rọ̀ Ìrìn-àjò Òfurufú láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù

Àbùkù ni fún èdè Yorùbá bí atúmọ̀-èdè bá ń to ọ̀rọ̀ jọ bí ẹni to igi ìdáná, tó ń kọ irú nǹkan bíi "gígùn àkókò ìfòlójúòfurufú", nígbà tí ọ̀rọ̀ tó ṣe é lò ti wà lẹ́nu aráyé. Ìrìn-àjò láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù, tó jẹ́ nǹkan bí 5,000 kìlómítà lófurufú, tí ọkọ̀ tí kò yà níbì kankan sì ń gbà tó wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, tó láti fi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ níbẹ̀ kò fa àríyànjiyàn. "Ọkọ̀ òfurufú" àti "bàálù" ti di ti gbogbo ènìyàn, "ìjìnnà" sì tó fún àlàfo tó wà láàárín ìlú méjì. Àyálò ni "kìlómítà" lóòótọ́, ṣùgbọ́n àyálò ni "wákàtí" náà, tó ti inú èdè Lárúbáwá gba ọ̀dọ̀ àwọn Hausa wọlé, tí ẹnikẹ́ni kò sì kà sí àlejò mọ́.

"Ibùsọ̀" ni ọ̀rọ̀ di líle lé lórí, nítorí pé àwọn kan ń lò ó fún máìlì. Bí "ibùdó" ṣe jẹ́ ibi tí ènìyàn ń dó sí, tí "ibùsùn" jẹ́ ibi tí ó ń sùn sí, bẹ́ẹ̀ ni "ibùsọ̀" jẹ́ ibi tí aláàárù ti ń sọ ẹrù, kí ó lè sinmi kí ó tó tún rù ú. Àárẹ̀ ni ó ń wọn ọ̀nà níbẹ̀, kì í ṣe okùn ìwọ̀n. Ibùsọ̀ òkè kò lè gùn tó ti pẹ̀tẹ́lẹ̀. Máìlì orí ilẹ̀ tó nǹkan bí 1,609 mítà, ti àwọn awakọ̀ òfurufú àti awakọ̀ òkun sì jẹ́ 1,852. Bí a bá pe méjèèjì ní ibùsọ̀, ìdàrúdàpọ̀ ni yóò bí. Kí "máìlì" máa jẹ́ máìlì, kí "ibùsọ̀" sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ìlú tí ọkọ̀ ti ń yà kó tó dé òpin ìrìn-àjò.

Àkókò ìrìn ni ó tún kù. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà kà á, ọ̀kan láti ìgbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá kúrò nílẹ̀ títí yóò fi tún kan ilẹ̀, èkejì láti ìgbà tí ó bá kúrò ní ibùdúró rẹ̀ títí yóò fi dúró ní ti ibòmíràn. Èkejì yìí ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ń kọ sójú tíkẹ́ẹ̀tì. Èdè ti pín wọn tẹ́lẹ̀. "Balẹ̀" wá láti "bà" àti "ilẹ̀", bí ẹyẹ ṣe ń bà. "Gúnlẹ̀" sì wá láti "gún" àti "ilẹ̀", ìyẹn ìgbà tí imú ọkọ̀ ojú omi bá kan èbúté. "Gbéra" jẹ́ ti ẹni tó dìde kúrò níbi tó wà, tó mú ọ̀nà pọ̀n, ó sì bá kíkúrò ní ibùdúró mu ju kíkúrò nílẹ̀ lọ. Nítorí náà, "ìfò-dé-ìbalẹ̀" ni ó yẹ àkọ́kọ́, "ìgbéra-dé-ìgúnlẹ̀" sì yẹ èkejì, èyí tí arìnrìn-àjò yóò rí i pé ó máa ń gùn jù.