Ìwé Ìbéèrè àti Ìwọ̀n Ìtìjú ní Àgbègbè Ìbàdàn

1. Ìfáàrà
Àpilẹ̀kọ yìí yẹ ìtàn bí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ọpọlọ ṣe ń fi ìwé ìbéèrè wá ohun tó pamọ́ sínú ọkàn wò. Kókó rẹ̀ ni pé ibi tí àwọn ìwé náà ti ń wá ìtìjú yàtọ̀ sí ibi tí èdè Yorùbá fi í sí.

2. Ìtàn Iṣẹ́ Náà
Ní 1954, T. A. Lambo dá ètò kan sílẹ̀ ní Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta, níbi tí aláìsàn ọpọlọ àti ìbátan rẹ̀ ti ń gbé ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká. Ní 1961, òun àti Alexander Leighton ti Yunifásítì Cornell fi ọ̀nà ìwádìí tí Leighton ti lò ní Kánádà ṣiṣẹ́ láàárín àwọn ará Abẹ́òkúta àti abúlé rẹ̀. Ìwé wọn jáde ní 1963. Wọ́n rí i pé Yorùbá mọ àmì ìrẹ̀wẹ̀sì lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ kan tó kó wọn pọ̀.

Nínú àbájáde tí O. Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní 2005, ènìyàn 2,040 ló dáhùn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Ọ̀ṣun àti Ògùn, ìdá 82.7 nínú ọgọ́rùn-ún ní ẹ̀rù yóò ba àwọn láti bá alárùn ọpọlọ sọ̀rọ̀. Ojú tí àwùjọ fi ń wo aláìsàn ni èyí wọ̀n, kì í ṣe ìtìjú inú aláìsàn fúnra rẹ̀.

3. Ọ̀rọ̀ àti Òṣùwọ̀n
Ìtìjú inú ni David Cook ti Amẹ́ríkà ṣe òṣùwọ̀n fún ní ìgbẹ̀yìn ọdún 1980 sí 1989. Gbólóhùn 30 ló wà níbẹ̀. 24 jẹ mọ́ ìtìjú, olùdáhùn yóò sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 0 dé 4. "Èmi" ni olùwà ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n "ojú tì mí" ni Yorùbá ń wí: ojú ni olùwà, "mi" sì jẹ́ àbọ̀. Bákan náà ni òwe ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ẹlòmíràn ló sì ń fini ṣẹ̀sín.

Ní abúlé Akínyẹlé, Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Ọ̀nà-Àrà, ọ̀pọ̀ ará oko ló ní agboolé ní Ìbàdàn. Bí ìgbéyàwó bá fẹ́ wáyé, àwọn ẹbí a máa wádìí bóyá wèrè tàbí wárápá wà nínú ìdílé. Nítorí náà, ẹni tó mú 0 lè máa dáàbò bo àbúrò rẹ̀ tí kò tíì lọ́kọ. Ẹni tó sì mú 4 lè má kórìíra ara rẹ̀ rárá, kó jẹ́ pé àbùkù ìdílé ló ń dùn ún.

4. Àgbálọgbábọ̀
Títúmọ̀ ìwé sí Yorùbá, kí a sì tún un túmọ̀ padà, lè fi hàn pé ọ̀rọ̀ bára mu. Kò lè fi hàn pé ẹni tí ìtìjú bá kan náà ni. Ó yẹ kí ìbéèrè nípa ara ẹni àti ìbéèrè nípa ìdílé dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹnì kan ṣoṣo ni a ó máa tọ́jú fún ìrora gbogbo agboolé.